Nígbà tí ìwà bá di àìsàn: ìlànà tí a fi ń tọ́jú ẹni tí àrùn ìwà ń bá jà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìwà lẹ̀wà ọmọ ènìyàn. Nítorí pé ìwà ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀ lójú wa, ẹni tí ìwà rẹ̀ kò bá gún kì í rí àánú gbà lọ́dọ̀ wa. Bí ibà bá mú ọmọ, a ó sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn; bí ó bá kán lẹ́sẹ̀, a ó wá ẹni tí yóò bá a to eegun. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ìwà ni ó dàrú, tí ẹni náà ń bá gbogbo ayé jà, tí ó ń sunkún láàárọ̀, tí ó ń fọ́ àwo lọ́sàn-án, tí ó sì ń dọ̀bálẹ̀ bẹ̀bẹ̀ lálẹ́, ohun tí a sábà máa ń sọ ni pé ọmọ burúkú ni, tàbí pé ìwà ìdílé bàbá rẹ̀ ni ó gbé wọ̀, tàbí pé àwọn ayé ni ó ń ṣe é. Lẹ́yìn èyí, ẹgba ló kù, tàbí ààwẹ̀, tàbí kí a kó ẹrù rẹ̀ síta.

Kì í ṣe gbogbo ìwà tí kò gún ni àìsàn, a kò sì gbọdọ̀ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà láàárín wa tí ohun tí ń bá wọn jà ti ní orúkọ tipẹ́ lọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn ọpọlọ. Personality disorder ni wọ́n ń pè é lédè Gẹ̀ẹ́sì. Àrùn ìwà ni àwa yóò máa pè é nínú àlàyé yìí. Ohun tí a fẹ́ kí òǹkàwé wa mú lọ sílé kò ju ẹyọ kan lọ: àrùn ìwà ṣeé tọ́jú, ṣùgbọ́n ẹgba kọ́ ni oògùn rẹ̀, àkẹ́jù náà kọ́. Ìtọ́jú tí ó dúró sójú kan, tí ó ní àánú, tí ó sì ní ààlà, ni ó ń wò ó.

Báwo ni a ṣe ń mọ̀ ọ́n? Nǹkan mẹ́ta ni oníṣègùn máa ń wò. Èkíní ni pé ìwà náà ti wà lára ẹni náà fún ọdún pípẹ́, láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀, kì í ṣe ohun tí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù tó kọjá. Èkejì ni pé kì í ṣe ibì kan ṣoṣo ni ó ti ń hàn. Ó ń hàn nílé, ó ń hàn níbi iṣẹ́, ó ń hàn láàárín ọ̀rẹ́ àti nínú ìgbéyàwó. Ẹ̀kẹta ni pé ó ń fi ìyà jẹ ẹni náà fúnra rẹ̀ tàbí àwọn tí ó yí i ká, ó sì ń ba ayé rẹ̀ jẹ́. Nítorí náà, ọkùnrin tí ó ń bá ọ̀gá rẹ̀ jà nítorí pé ọ̀gá náà ń rẹ́ ẹ jẹ kì í ṣe aláìsàn. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tí ó ń ṣe oríkunkun sí àwọn òbí rẹ̀ lè jẹ́ pé ọmọdé ló ń ṣe é. Obìnrin tí ìwà rẹ̀ yí padà lójijì lẹ́yìn ìbímọ, tàbí ẹni tí ìwà tirẹ̀ yí padà lẹ́yìn tí ó fi orí gbálẹ̀ nínú jàǹbá ọkọ̀, àìsàn mìíràn ni kí a kọ́kọ́ wò lára wọn. Àrùn ìwà kì í sì í ṣe wèrè. Ẹni tí ó ní in mọ ọjọ́, ó mọ orúkọ rẹ̀, ó lè kàwé gboyè, ó lè máa ṣòwò lọ́jà. Ọ̀nà tí ó ń gbà rò nípa ara rẹ̀ àti nípa ẹlòmíràn ni ó yẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà.

Ìwé tí àwọn oníṣègùn ọpọlọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ń lò, èyí tí wọ́n ṣe àtúntẹ̀ rẹ̀ ní 2013, ka irú àrùn yìí sí mẹ́wàá, ó sì pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Àwọn kan wà tí wọn kò fọkàn tán ẹnikẹ́ni, tàbí tí wọ́n ya ara wọn sọ́tọ̀ kúrò láàárín ènìyàn. Àwọn kan wà tí ìmọ̀lára wọn máa ń ru bí iná ọyẹ́, tàbí tí wọ́n ń tẹ ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn mọ́lẹ̀ láìbojúwẹ̀yìn. Àwọn ìyókù ni àwọn tí ẹ̀rù ìtìjú ti dè mọ́lé, tàbí tí wọn kò lè dá ìpinnu kankan ṣe, tàbí tí wọ́n fẹ́ kí gbogbo nǹkan pé pérépéré kí ọkàn wọn tó lè balẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2022, ìlànà tuntun ti àjọ elétò ìlera lágbàáyé bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìyẹn kò tilẹ̀ da ara rẹ̀ láàmú púpọ̀ lórí orúkọ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Ohun tí ó kọ́kọ́ ń béèrè ni bí àrùn náà ṣe le tó: ṣé ó fúyẹ́ ni, ṣé ó le díẹ̀ ni, àbí ó le gan-an.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan ṣàlàyé. Ká sọ pé ọmọbìnrin kan wà, ẹni ọdún mẹ́tàlélógún. Ó pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí fóònù nírọ̀lẹ́, ọ̀rẹ́ náà kò gbé e. Lójú ẹlòmíràn, ọ̀rẹ́ náà lè wà nínú ọkọ̀, tàbí kí ó ti sùn. Lójú ọmọbìnrin yìí, ó ti parí: ọ̀rẹ́ ti kọ òun sílẹ̀, òun kò já mọ́ nǹkan kan láyé. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti fi àtẹ̀jíṣẹ́ ogún ránṣẹ́, mẹ́wàá jẹ́ ẹ̀bẹ̀, mẹ́wàá jẹ́ èébú. Nígbà tí ó di òru, ó mú abẹ, ó fi ya ara rẹ̀ lápá. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ojú ń tì í, ó sì kórìíra ara rẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Irú àrùn ìwà tí wọ́n ń pè ní borderline nìyí, òun sì ni àwọn onímọ̀ ti ṣe ìwádìí jù lọ lórí ìtọ́jú rẹ̀. Ojú tí ará ìta fi ń wò ó ni pé àṣejù ni ó ń ṣe. Ṣùgbọ́n ìrora inú rẹ̀ kì í ṣe eré. Ó dà bí ẹni tí iná ti bó láwọ̀: ọwọ́ tí kò dun ẹlòmíràn rárá, bí ó bá kan òun, igbe ni.

Ohun tí ń fa àrùn yìí kì í ṣe ẹyọ kan. Díẹ̀ wà nínú ẹ̀jẹ̀, nítorí ọmọ mìíràn wà tí a bí pẹ̀lú ọkàn tí ó tètè ń gbóná, tí kì í sì í tètè tutù. Púpọ̀ nínú wọn tún ti rí ohun tí ojú kò yẹ kó rí ní kékeré: lílù àlùbolẹ̀, ìfipábánilòpọ̀, tàbí kí a máa fi wọ́n ṣọwọ́ láti ilé kan sí òmíràn láìsí ẹni tí ó pè wọ́n ní tèmi. Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó jìyà ní kékeré ni ó ń ní àrùn ìwà, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó ní in ni òbí rẹ̀ fìyà jẹ. Nítorí náà, kí a má ṣe di ẹrù ẹ̀bi lé orí ìyá tàbí bàbá lásán.

Láyé ọjọ́un, àwọn dókítà pàápàá gbà pé ẹni tí ó bá ní àrùn yìí kò lè sàn mọ́. Wọ́n máa ń sá fún irú aláìsàn bẹ́ẹ̀. Nǹkan méjì ni ó yí èrò náà padà. Èkíní ni ìtàn obìnrin ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Marsha Linehan. Ní 1961, nígbà tí kò tíì pé ọmọ ọdún méjìdínlógún, wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ọpọlọ kan ní ìpínlẹ̀ Connecticut nítorí pé ó ń ṣe ara rẹ̀ léṣe. Ó lé ní ọdún méjì tí ó fi wà níbẹ̀, wọ́n sì ń tì í mọ́ yàrá àdáwà. Obìnrin yìí jáde, ó kàwé, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní ìlú Seattle, òun gan-an ni ó sì dá ọ̀nà ìtọ́jú tí wọ́n ń pè ní DBT sílẹ̀ fún àwọn tí ń ṣe ara wọn léṣe tí wọ́n sì ń fẹ́ kú. Ó gbé àbájáde ìwádìí àkọ́kọ́ lórí rẹ̀ jáde ní 1991. Ogún ọdún lẹ́yìn náà, ní 2011, ni ó tó sọ fún gbogbo ayé pé òun náà ti wà nínú iná yẹn rí.

Èkejì ni ìwádìí tí Mary Zanarini àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1992 ní ilé ìwòsàn McLean ní ìpínlẹ̀ Massachusetts. Wọ́n tẹ̀ lé aláìsàn borderline 290 láti ọdún dé ọdún. Èsì tí wọ́n gbé jáde ní 2010 fi hàn pé láàárín ọdún mẹ́wàá, ìdá 93 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni àmì àìsàn náà ti kúrò lára wọn fún ọdún méjì ó kéré tán. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí tí ó kù: bí ìdajì wọn péré ni ó padà bọ́ sí ayé tó gún régé, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n sì ní àjọṣe tó dán mọ́rán pẹ̀lú ènìyàn. Ìyẹn ni pé iná náà máa ń kú, ṣùgbọ́n ilé tí ó jó kì í kọ́ ara rẹ̀. Ibi tí iṣẹ́ ìtọ́jú wà gan-an nìyẹn.

Kí wá ni àwọn ìlànà ìtọ́jú náà? Ìlànà kìíní ni pé ẹ̀mí ni ó ṣáájú. Bí aláìsàn bá ń sọ̀rọ̀ ikú, kí a má ṣe sọ pé ó kàn ń halẹ̀ ni, nítorí pé àwọn tí a rò pé wọ́n ń halẹ̀ máa ń kú. Kí a bi í ní gbangba bóyá ó ń ronú láti pa ara rẹ̀. Ìbéèrè náà kò ní fi èrò tí kò sí lọ́kàn rẹ̀ síbẹ̀. Ńṣe ni ó máa ń jẹ́ kí ẹrù fúyẹ́. Kí a kó oògùn apakòkòrò, abẹ àti àpọ̀jù oògùn kúrò nítòsí rẹ̀, kí a má fi òun nìkan sílẹ̀, kí a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Nígbà tí ọkàn rẹ̀ bá rọlẹ̀, kí dókítà àti aláìsàn jọ kọ ohun tí yóò ṣe àti ẹni tí yóò pè sílẹ̀, de ìgbà tí èrò náà bá tún dé.

Ìlànà kejì ni òótọ́ sísọ. Ó dára kí aláìsàn mọ orúkọ ohun tí ń ṣe é, kí a ṣàlàyé rẹ̀ fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí a sì jẹ́ kí ó mọ̀ pé ó ń sàn. Ọ̀pọ̀ ni ó máa ń mí kanlẹ̀ nígbà tí wọ́n bá gbọ́ pé ohun tí ń ṣe wọ́n kì í ṣe èpè. Lẹ́yìn náà ni a ó jọ fẹnu kò lórí ohun tí a fẹ́ ṣe: kì í ṣe láti di ẹlòmíràn, bí kò ṣe láti padà síbi iṣẹ́, láti fi abẹ sílẹ̀, láti lè jẹun pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n ẹni láìjà.

Ìlànà kẹta ni ohùn kan. Ẹni tí àrùn yìí ń bá jà sábà máa ń rí ènìyàn bí áńgẹ́lì lónìí, kí ó sì rí i bí ọ̀tá lọ́la. Yóò yin nọ́ọ̀sì kan, yóò sì bú èkejì. Yóò sọ fún bàbá pé ìyá kò jẹ́ kí òun jẹun. Bí àwọn olùtọ́jú kò bá ṣọ́ra, wọ́n á dojú ìjà kọ ara wọn, aláìsàn á sì wà láàárín. Nítorí náà, kí dókítà, nọ́ọ̀sì, òbí àti ọkọ tàbí aya máa bá ara wọn sọ̀rọ̀, kí ohun tí ọ̀kan bá sọ má ta ko ti èkejì. Ọjọ́ ìpàdé kò gbọdọ̀ máa yẹ̀. Bí dókítà yóò bá rìnrìn àjò, kí ó sọ ṣáájú, nítorí pé àìrí ẹni ní òjijì ni ó máa ń ṣí ojú egbò náà.

Ìlànà kẹrin ni àánú pẹ̀lú ààlà, ìlànà yìí sì ni ọba gbogbo wọn. Bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, a ó fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Àwọn baba wa ti mọ̀ pé ọwọ́ méjèèjì ni ó ń tọ́ ọmọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nínú ọ̀rọ̀ tiwa yìí, nínà kọ́ ni ti ọwọ́ òsì; ààlà ni. Bí ọmọbìnrin àpẹẹrẹ wa bá pariwo pé, “Màámi, ẹ ò fẹ́ràn mi mọ́! Àbúrò mi nìkan lẹ mọ̀!”, tí ó sì gbá ife mọ́lẹ̀, ìyá lè sọ pé irọ́ ni, kí ìjà sì bẹ̀rẹ̀, ó sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́, kí ó fún un ní owó. Méjèèjì kò dára. Èyí tí ó dára ni kí ó sọ pé, “Mo rí i pé inú rẹ bàjẹ́ gan-an, ọmọ mi, mo sì fẹ́ gbọ́ ohun tó dùn ọ́. Ṣùgbọ́n a kì í fọ́ nǹkan nínú ilé yìí. Jẹ́ kí ara wa balẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ká wá jọ sọ̀rọ̀.” Ó ti gbà pé ìrora náà jẹ́ òótọ́, kò sì gbà pé kí a fọ́ ilé. Bí ó bá ti sọ bẹ́ẹ̀, kí ó rí i pé òun padà wá sọ̀rọ̀ lóòótọ́.

Ìlànà karùn-ún ni pé ọ̀rọ̀ ẹnu ni olórí ìtọ́jú. Nínú DBT, aláìsàn ń kọ́ bí a ṣe ń dá ìbínú dúró kí ó tó gun orí, bí a ṣe ń fara da ìrora láìfi abẹ kan ara, àti bí a ṣe ń béèrè ohun tí a fẹ́ láìjà. Ní ìlú London, Anthony Bateman àti Peter Fonagy gbé ọ̀nà mìíràn kalẹ̀, tí wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1999, nínú tiwọn, aláìsàn ń kọ́ láti bi ara rẹ̀ pé, “Kí ló wà lọ́kàn mi báyìí? Kí ló lè wà lọ́kàn ẹnìkejì mi, yàtọ̀ sí ohun tí mo rò?” Ọ̀pọ̀ yóò sọ pé ìtọ́jú òyìnbó tó wọ́n nìyí, níbo ni a ti fẹ́ rí i? Ẹ fetí sí èyí. Ní 2009, ìwádìí kan láti ìlú Toronto ní Kánádà, tí aláìsàn 180 kópa nínú rẹ̀, fi DBT wé ìtọ́jú gbogboogbò tí dókítà ọpọlọ ń ṣe pẹ̀lú ètò àti àfojúsùn. Lẹ́yìn ọdún kan, àwọn méjèèjì ni ara wọn ti yá sí i, ọ̀kan kò sì fi bẹ́ẹ̀ ju èkejì lọ. Èyí fi hàn pé kì í ṣe orúkọ ńlá ni ó ń wo àrùn ìwà. Olùtọ́jú tí ó mọ ìlànà, tí kì í sì í yẹ àdéhùn, ni ó ń wò ó.

Ìlànà kẹfà ni pé oògùn kì í ṣe olórí. NICE, àjọ tí ń la ọ̀nà ìtọ́jú sílẹ̀ fún àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ ọ́ ní oṣù kìíní ọdún 2009 pé kí wọ́n má ṣe lo oògùn láti fi tọ́jú borderline fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó le tàbí àìsàn ọpọlọ mìíràn bá wà pẹ̀lú rẹ̀, a ó fi oògùn tọ́jú ìyẹn, bí ó ti yẹ. Ó léwu púpọ̀ kí aláìsàn máa gbé oògùn oríṣi márùn-ún mì, tàbí kí ó sọ oògùn oorun di oúnjẹ. Bákan náà ni ọtí, igbó àti tramadol. Bí a kò bá tọ́jú ìwọ̀nyí pẹ̀lú rẹ̀, omi ni a ń dà sínú apẹ̀rẹ̀.

Ìlànà keje ni pé kí a má ṣe fi ìtọ́jú irú kan bo gbogbo wọn. Ẹni tí kò fọkàn tán ènìyàn, a kì í sáré di ọ̀rẹ́ rẹ̀. Òótọ́ ọ̀rọ̀ àti sùúrù ni a fi ń sún mọ́ ọn. Ẹni tí ojú ń tì kọjá àlà, díẹ̀díẹ̀ ni a ń mú un jáde. Ní ti àwọn tí ń rẹ́ni jẹ, tí ń na aya, tí ń jalè láìkábàámọ̀, ìtọ́jú wọn ṣòro ju ti àwọn yòókù lọ, àwọn ẹ̀kọ́ àjọṣe nínú ẹgbẹ́ sì wà fún wọn. Ṣùgbọ́n àìsàn kì í ṣe àwáwí. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ń lù kò gbọdọ̀ dúró kí ó kú nítorí pé wọ́n ní àrùn ni. Kí ó kọ́kọ́ gba ẹ̀mí ara rẹ̀ là ná, kí òfin sì ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Ìlànà kẹjọ ni kí a tọ́jú olùtọ́jú. Ìyá tí kì í sùn, ọkọ tí ó ń fi ẹ̀rù wọlé, àwọn náà nílò ẹni tí yóò gbọ́ tiwọn. Kí ẹbí pín iṣẹ́ náà, nítorí pé àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

Èyí kì í ṣe ohun àjèjì sí wa. Ní 1954, ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lámbò, ọmọ bíbí Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Àrò tí gbogbo ayé wá wò. Kò ti àwọn aláìsàn mọ́lé; ó ní kí wọ́n máa gbé pẹ̀lú mọ̀lẹ́bí wọn nínú àwọn abúlé tí ó wà nítòsí, kí wọ́n máa wá gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn, kí wọ́n sì máa bá àwọn ará abúlé gbé ìgbé ayé tí wọ́n mọ̀. Òótọ́ ni pé àwọn tí orí wọn dàrú ni ó pọ̀ jù nínú wọn, kì í ṣe alárùn ìwà. Síbẹ̀ ẹ̀kọ́ náà kan náà ni: àárín ènìyàn ni ènìyàn ti ń sàn.

Ẹni tí ó bá ń wá ìrànlọ́wọ́ lónìí lè lọ sí ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ ní Àrò tàbí ní Yábàá l'Ékòó, tàbí sí ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ ní UCH n'Íbàdàn àti ní ilé ìwòsàn yunifásítì Ilé-Ifẹ̀. Bí ọ̀nà bá jìn, kí ó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà ìjọba tí ó sún mọ́ ọn, kí ìyẹn kọ ìwé fún un. Òfin ìlera ọpọlọ tuntun tí ààrẹ Muhammadu Buhari bu ọwọ́ lù ní oṣù kìíní ọdún 2023 ti rọ́pò òfin àtijọ́ ti àwọn òyìnbó amúnisìn fi lélẹ̀, ó sì sọ pé aláìsàn ọpọlọ ní ẹ̀tọ́ bí gbogbo ènìyàn. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbàdúrà, kí ó gbàdúrà. Àdúrà kò ba ìtọ́jú jẹ́. Ṣùgbọ́n ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, ẹgba àti ebi kì í ṣe àdúrà.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ọjọ́ kan. Ọdún ni a fi ń kà á, ìṣubú yóò sì wà lójú ọ̀nà. Ọmọ tí kò fi abẹ kan ara fún oṣù mẹ́ta tún lè mú un lọ́jọ́ kan, kí àwọn ará ilé sì sọ pé asán ni gbogbo làálàá wọn. Kì í ṣe asán. Kí wọ́n ka oṣù mẹ́ta náà, kí wọ́n fọ egbò, kí wọ́n sì gbé e padà lọ síbi ìtọ́jú ní ọjọ́ tí wọ́n dá fún un. Bí ọmọbìnrin kan bí irú èyí bá wà nílé yín, ẹ má ṣe lé e. Ẹ wá ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà, kí ẹ sì dúró tì í.